"Run" kì í ṣe sáré nìkan: ẹ bá wa kó ìlò rẹ̀ jọ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò

Tíṣà Ìrọ̀lẹ́, Òjé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará wa. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́. Aránṣọ wà nínú wọn, onídìrí wà, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì náà wà. WAEC àti JAMB ni wọ́n ń lé, JAMB ò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láì ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fẹ́ lọ kà.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló ń dà wọ́n láàmú: "run". Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí sáré, ó sì ti mọ́ wọn lára. Wọ́n bá rí "Her father runs a bakery at Mokola" nínú àyọkà, wọ́n á ní bàbá ọmọ náà ń sáré nínú ilé búrẹ́dì. Wọ́n bá rí "The tap is running", gbogbo wọn á dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ tó gbọ́n ni wọ́n o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò tíì sí ẹni tó jókòó là á yé wọn ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí kálukú sọ "run" tó ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kó sọ ohun tí à ń pè é ní Yorùbá, kó sì fún wa ní gbólóhùn tó ṣeé kọ sójú pátákó. Èyí tó bá ti inú iṣẹ́ ọwọ́ wá ni mo fẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yìí wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òkè-Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi, àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le, kí àwọn ọmọ náà má bàa rò pé àwọn ni orí àwọn ò pé.

Ìwé atúmọ̀ èdè kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń bọ̀wọ̀ fún gidi, Oxford English Dictionary. Ní 1884 ni apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, wọn ò sì rí ẹ̀dà kìíní parí títí di 1928. Nígbà tí ẹ̀dà kejì dé ní 1989, "set" ni ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n kà á tó 430. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ìwé náà gbé yẹ̀ wò, ni "run" bá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀: ìtumọ̀ 645, ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Ẹ̀rọ wà lára ohun tó fà á. Reluwé dé, wọ́n ní ó ń "run". Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ dé, ó ń "run". Kọ̀ǹpútà dé, ètò inú rẹ̀ náà ń "run". Ohun tuntun yòówù tó bá ṣáà ti ń lọ láìdúró, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń lò fún un.

Torí náà, ẹ má fún wọn ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ kọ́ wọn láti béèrè pé: kí ló ń "run"? Bó bá jẹ́ èèyàn tàbí ẹran, sáré ni. Bó bá jẹ́ omi, ó ń ṣàn tàbí ó ń dà: "The Ogunpa runs through Ibadan", odò Ògùnpa ṣàn gba àárín Ìbàdàn kọjá, "The tap is running", omi ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ èrò, a ní ọ̀rọ̀ tó dùn fún un, ná: ọkọ̀ tó ń ná Dùgbẹ̀ sí Apẹtẹ. "The train runs between Lagos and Ibadan", reluwé ń ná Èkó sí Ìbàdàn.

Ohun tí kò kúrò lójú kan náà sì lè "run", ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń há sí. Ọ̀nà reluwé tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2021: "The line runs for 157 kilometres." Irin náà ò kúrò níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Bó ṣe gùn tó àti ibi tó gbà ni gbólóhùn náà ń sọ. Àwa náà kúkú ń sọ pé ọ̀nà yìí lọ sí Mọ́níyà, ọ̀nà ò sì lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wo ohun tó tẹ̀lé e. "Run a bakery", "run a school", "run a hotel": ẹni tí iṣẹ́ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bàbá inú àyọkà yẹn lè ni ilé búrẹ́dì náà, ó sì lè jẹ́ máníjà lásán. "Owns" ni wọn ì bá kọ bó bá jẹ́ pé òun ló ni ín ni wọ́n fẹ́ ká mọ̀. Ibi tóóró báyìí ni ìbéèrè ìdánwò ti máa ń mú èèyàn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìjókòó o, sà. Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí Tíṣà. Lọ́dọ̀ tiwa: "a runny nose", imú tó ń dà. "He is running a temperature", ara rẹ̀ gbóná. "We will run some tests", a máa ṣe àyẹ̀wò fún un. "Hypertension runs in the family", ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé wọn. Mo fẹ́ràn èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, torí tí aláìsàn bá gbọ́ ọ yé, ó máa rántí sọ ohun tó ṣe bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí ní pàtàkì fún àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Nílé níbí, "running stomach" ni gbogbo wa ń pe ìgbẹ́ gbuuru, ó sì yé wa. Nínú ìwé àti níwájú dókítà òkè òkun, "diarrhoea" ni kí wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn á sọ pé "I've had the runs since last night." Aláìsàn yẹn ò sáré lọ sí ibì kankan. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru láti àná ni, omi ara rẹ̀ ti ń lọ, kí nọ́ọ̀sì tètè bi í bó bá ṣì ń tọ̀ dáadáa àti bó bá ń rí omi mu.

Aládìrẹ, Gbági

Ẹ ṣeun, mà. Tèmi rèé, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó bá ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn oníbàárà òkè òkun máa ń bi wá pé "Will the dye run?" Wọ́n á ti rí àwòrán Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ya àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí, tí àwòrán ṣíbí wà láàárín òpó kan sí èkejì. Ó ti wọ̀ wọ́n lójú, ìbéèrè yìí ló kù kí wọ́n tó sanwó. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń tà á máa ń dáhùn pé "No, it does not fade." Ìdáhùn yẹn ò bá ìbéèrè mu rárá. "Fade" ni kí aṣọ ṣí, kí àwọ̀ rẹ̀ máa lọ díẹ̀díẹ̀ nítorí oòrùn àti fífọ̀ lemọ́lemọ́. "Run" ni kí aró jáde lára rẹ̀ nínú omi, kó lọ ràn mọ́ aṣọ mìíràn. Aṣọ lè máa "run" kó má tíì ṣí rárá. Ẹni tó bá rẹ àdìrẹ tuntun pọ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun nínú báàsì kan náà ló mọ ohun tí oníbàárà yẹn ń sá fún.

Ẹ má sì purọ́ fún wọn. Aró tuntun máa ń jáde díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ń fọ̀ ọ́. Ohun tí mo máa ń kọ ránṣẹ́ ni: "The indigo may run in the first few washes. Please wash it separately in cold water." Kí n tó kọ ọ́, mo máa ń mú àkísà funfun tó mọ́, mà á fi omi rin ín, mà á tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí aṣọ náà dáadáa, mà á wá wò ó lójú oòrùn. Bí búlúù bá ti ràn mọ́ àkísà, ó ń "run" nìyẹn. Àǹtí Tíṣà, ẹ ṣe é lójú àwọn aránṣọ inú kíláàsì yín, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò ní kúrò lórí wọn mọ́.

Ẹ tún sọ fún wọn pé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pe ibi tí ìbọ̀sẹ̀ gígùn obìnrin bá ti ya gbọọrọ wálẹ̀ ní "a run". "Ladder" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe tiwọn.

Mẹkáníìkì, Ìwó Road

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Kò gùn. Nínú ìwé ọkọ̀, ẹ máa rí i pé "Do not remove the radiator cap while the engine is running." Ẹ́ńjìnì wà lórí iṣẹ́, wọn ò tíì pa á, ìyẹn ni wọ́n ń sọ. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá mọ "run" yìí, omi gbígbóná á tú sí i lójú. Kódà bí wọ́n bá pa á, kó dúró kó tutù kó tó ṣí i.

"The battery has run down", bátìrì ti kú. "Run in" ni ká máa fi pẹ̀lẹ́ wa ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ tuntun tàbí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ríìngì rẹ̀, títí irin á fi bára mu. Bí ẹ bá ń kọ̀wé fún ọlọ́pàá tàbí ìnṣọ́ránsì, ẹ ṣọ́ra: "ran into a wall" ni pé ó lọ kọlu ògiri, "ran over a goat" ni pé taya gorí ewúrẹ́. Ọ̀ràn méjèèjì ò dọ́gba.

Onílẹ́sìnnì, Challenge

Ẹ má bínú o, ṣé gbogbo àlàyé yìí ò pọ̀ jù fún ọmọ tó ń ṣe ìdánwò? Ẹ kọ ogún "run" fún wọn pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, kí wọ́n há a sórí. Àwọn tí mo kọ́ báyìí yege.

Ògbufọ̀ Ìjọ, Orítamẹ́fà

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Pásítọ̀ wa ń wàásù ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá lójú ẹsẹ̀. Kò sí àyè láti máa wá ohun tí mo há sórí. Ọ̀rọ̀ kékeré tó bá tẹ̀lé "run" ló ń tọ́ mi sọ́nà. "Run to God", sá tọ Ọlọ́run lọ. "Run from sin", sá fún ẹ̀ṣẹ̀. "Run after money", máa lé owó kiri. "Let us run through the passage", ẹ jẹ́ ká yára ka àyọkà náà já. Ẹ ṣáà wò ó: Yorùbá ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ kékeré ẹ̀yìn ló ń pààrọ̀. Ọmọ tó bá há "run" nìkan sórí ti gbé ìdajì sílẹ̀.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti mọ èyí tipẹ́. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, Orin Dáfídì 23 ẹsẹ 5 ní "my cup runneth over". Wọn ò jẹ́ kí ago sáré. "Ago mi sì kún àkúnwọ́sílẹ̀" ni wọ́n kọ. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe ògbufọ̀, ẹsẹ yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, nítorí gbogbo wọn ló mọ ọ́n lórí ní èdè méjèèjì.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òkè-Àdó

Ògbufọ̀ ti sọ ọ́ bó ṣe rí. Kí ẹ̀rù má sì ba àwọn ọmọ, ẹ fi "jẹ" hàn wọ́n. Ó jẹ ẹ̀bà, ó jẹ gbèsè, ó jẹ ìyà, ó jẹ èrè, wọ́n fi í jẹ Olúbàdàn. Ẹ tún mú "gbọ́": a gbọ́ ohùn, a gbọ́ òórùn ọbẹ̀, a gbọ́ Faransé. Òyìnbó tó bá ń kọ́ Yorùbá ń làágùn lórí èyí, àwọn ọmọ wa sì ń sọ ọ́ láì ronú. Agbára kan náà ni kí wọ́n lọ fi mú "run".

Tíṣà Ìrọ̀lẹ́, Òjé

Ọlọ́run á san yín lẹ́san gbogbo yín. Sà, ẹ bá mi dá sí èyí: àwọn ọmọ máa ń kọ "The salt has finished." Ṣé kí n fagi lé e?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òkè-Àdó

Lẹ́nu ọjà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́ ọ. Nínú ìdánwò, "run out" ni kí wọ́n lò, ó sì ní ọ̀nà méjì. Bí nǹkan bá ṣáájú: "The salt has run out." Bí èèyàn bá ṣáájú: "We have run out of salt." "Of" ò gbọ́dọ̀ wọlé síbi àkọ́kọ́, kò sì gbọ́dọ̀ sọnù níbi kejì. Èyí tó ní èèyàn níwájú ló máa ń ṣòro fún wọn, nítorí ní Yorùbá, iyọ̀ ló ń tán, èèyàn kì í tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀: "I have run out of credit", "The bus ran out of diesel", "We are running out of time".

Ẹ ṣọ́ "ran" náà. "He ran" ni fún ohun tó ti kọjá. Bí "has", "have" tàbí "had" bá wà níwájú, "run" ló ń padà jẹ́. "Has ran" ò sí.

Òṣìṣẹ́ Rédíò, Bódìjà

Ẹ kú àárọ̀. Mo ń túmọ̀ ìròyìn, nítorí náà ti ìdìbò ni mo mú wá. "She is running for governor", ó ń díje fún ipò gómìnà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé "stand for" níbi tí Amẹ́ríkà ti ń sọ "run for". Àwa ń lo méjèèjì. "Running mate" ni ẹni tí wọ́n jọ ń díje gẹ́gẹ́ bí igbákejì.

Èyí tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ ni "rerun" àti "run-off". "Rerun" ni a ń pè ní àtúndì ìbò. Ẹ rántí Ọ̀ṣun: wọ́n dìbò gómìnà ní 22 oṣù kẹsàn-án 2018, wọn ò lè kéde ẹni tó wọlé, wọ́n wá tún ìbò dì ní ibùdó ìdìbò méje ní 27 oṣù náà. Ní "run-off", àwọn méjì tó kù nìkan ló ń padà kojú ara wọn, àwọn yòókù ti jáde. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀kan nínú ìròyìn, kí ẹ má gbé èkejì lé e.

Onílẹ́sìnnì, Challenge

Mo gbọ́ tẹnu yín, ẹ ṣeun. Màá fi ọ̀rọ̀ kékeré ẹ̀yìn yẹn kún tèmi. Ẹ jẹ́ kí n fi méjì kún un.

"Runs" tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ, "mo fẹ́ lọ ṣe runs kan", tiwa nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ wọ inú àròkọ. Ẹ kìlọ̀ fún wọn gidigidi nípa "runs" gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú, àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí pé àwọn á bá ọmọ kọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n bá fagi lé èsì rẹ̀ ló ń jìyà, ẹni tó gbowó á ti lọ.

Èkejì ni "run mad". Àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ pé àṣìṣe Nàìjíríà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wà nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ló pa á tì, àwa ò pa á tì. Ṣùgbọ́n "go mad" ni kí ọmọ kọ lónìí.

Ọmọ Aránṣọ, Òjé

Ẹ káàsán, sà. Ẹ káàsán, mà. Àǹtí Tíṣà ní kí n kọ tèmi síbí kí ẹ bá mi wò ó:

"My madam runs a shop at Gbagi. Yesterday we run out of white thread, so she sent me to run an errand. The red lace can run, so I did not soak it with the white one. When I came back, the machine was still running and nobody was there."

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òkè-Àdó

O káre, ọmọ mi. Gbólóhùn àkọ́kọ́ péye. Nínú èkejì, àná ni, nítorí náà "we ran out". "She sent me on an errand" ló dára jù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ fi ṣáájú, kọ "I ran an errand for her". Ẹni tó ránni ló ń "send", ẹni tó lọ jẹ́ iṣẹ́ náà ló ń "run". Fún léèsì pupa, "may run" ni kí o kọ, nítorí o ò tíì tẹ àkísà funfun mọ́ ọn. Gbólóhùn ìkẹyìn péye, má fọwọ́ kàn án. Kọ márùn-ún sí i nípa ṣọ́ọ̀bù yín, kí ọ̀kan nínú wọn ní "run into", kí o sì fi ránṣẹ́ sí wa.